Ẹni Tí Kò Nílé, Ta Ni Yóò Gba Ẹjọ́ Rẹ̀ Rò?

Lónìí, àwọn aṣòfin ni mo fẹ́ darí ọ̀rọ̀ sí, nítorí àwọn tí kò ní ilé tí wọn yóò sùn, tí wọ́n ń fi ìsọ̀ ọjà, gáréèjì àti ilé tí a kò kọ́ parí ṣe ibùsùn. A ń lù wọ́n, a ń jí wọn gbé, a sì ń pa wọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ pé ẹnikẹ́ni fojú ba ilé ẹjọ́ nítorí wọn.

Ẹ wo Ìwòpin. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà. Ojú omi ni èrò àti ẹrù ń gbà wọ ọjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá bá ọkọ̀ ojú omi dé tí kò bá a padà, tí ó wá ń sùn sábẹ́ ìsọ̀, ta ni ó mọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀? Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kan tí a kò rí i mọ́, àwọn ọlọ́jà yóò gbálẹ̀, wọn yóò sì pàtẹ. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Àgọ́ ọlọ́pàá yóò béèrè orúkọ ẹni tí ó sọnù, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó wá fẹjọ́ sùn jẹ́ sí i. Èwo ni wọn yóò rí wí nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú olùkọ́ èdè wo ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Bí a bá pa oníṣòwò, a ó ní, “Wọ́n pa ènìyàn.” Bí ó bá ṣe alárùn ọpọlọ tí ń sùn ní gáréèjì, a ó ní, “A kò rí wèrè ìdí gáréèjì yẹn mọ́.” Apànìyàn ti yọ kúrò nínú gbólóhùn wa kí ọlọ́pàá tó dé. Nínú agboolé àtijọ́, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ní baálé tí yóò dáhùn fún un. Mo mọ̀ pé wọ́n ń de àwọn mìíràn mọ́lẹ̀, n kò sì sọ pé ayé ìgbà náà dára jù. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá sọnù, ẹnìkan yóò béèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2014, àwọn ọlọ́kadà tí ń wá ẹni wọn já sí igbó kan ní Sókà, ní Ìbàdàn. Wọ́n bá àwọn tí ebi ti sọ di egungun lóòyẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n sì bá agbárí, aṣọ àti bàtà àwọn tí ó ti kú. Lẹ́yìn èyí ni ìbẹ̀rù gba ìgboro, tí àwọn ènìyàn sì ń dáwọ́ jọ lu alárìnkiri tí wọ́n bá fura sí pé ajínigbé tí ń díbọ́n bí wèrè ni. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó ṣeé ṣe kí a jí gbé náà ni a tún ń lù gẹ́gẹ́ bí ajínigbé.

Ìjọba pàápàá kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn ènìyàn kan lọ sí Onitsha, wọ́n sì já wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Gómìnà Babatunde Fashola tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn Igbo nígbà tí ó yá. Ó dára bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di ìjà ẹ̀yà sí ẹ̀yà, a sì gbàgbé àwọn tí a já sílẹ̀ lójú títì.

Abala 33 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè. Kò ní kí ó kọ́kọ́ ní ilé. Láti ọdún 1989 ni òfin ti ka mímú ènìyàn fún ìrìn gbéregbère léèwọ̀. Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tí ó wà ní Arusha, sì sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pé irú òfin tí ń fi ìyà jẹ alárìnkiri lòdì sí àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà.

Abala 128 fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ní agbára láti ṣe ìwádìí. Abala 129 sì jẹ́ kí wọ́n lè pe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì fi ìwé àṣẹ mú ẹni tí ó bá kọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ọlọ́pàá wà. Nítorí náà ó yẹ kí aṣojú Ìjẹ̀bú Àríwá, Ìjẹ̀bú Ìlà-Oòrùn àti Ogun Waterside gbé ọ̀rọ̀ náà dé Àbújá, níbi tí abala 88 ti fún àwọn náà ní irú agbára kan náà.

Kí ni kí wọ́n wádìí? Kí wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ àgọ́ ọlọ́pàá àti ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ó sin òkú tí kò ní olúwa síwájú, kí wọ́n fi wé ara wọn, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ó pa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan náà, nínú àfikún kẹrin Òfin Ìpìlẹ̀, ni ó fi itẹ́ òkú àti ilé àwọn aláìní sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. A mọ ibi tí itẹ́ òkú wà. Kí àwọn alága wá fi ilé àwọn aláìní hàn wá.

Kí ìgbìmọ̀ náà má sì jókòó sí Abẹ́òkúta nìkan. Kí wọ́n wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àbìgì, kí wọ́n gba ẹ̀rí ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọlọ́jà Ìwòpin lè wọkọ̀ wá sọ ohun tí wọ́n rí.