Ẹrù Ayàwòrán Ló Ń Pinnu Àwòrán
Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Alímọ̀ṣọ́

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yé yín lónìí: ẹrù tí ayàwòrán gbé jáde nílé ló ń pinnu irú àwòrán tí yóò mú padà wá, òun náà ló sì ń pinnu ẹni tí ìtàn máa rántí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí George da Costa. Ọdún 1853 ni wọ́n bí i l'Ékòó. Ó ṣe alábòójútó ilé ìtàwé CMS títí di 1895, kó tó sọ àwòrán yíyà di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba àwọn Òyìnbó ń la ojú irin, wọ́n gbéṣẹ́ fún un láti máa ya iṣẹ́ náà. Ẹ bá mi wo ohun tí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní láti kó dání láyé ìgbà náà.

Kámẹ́rà ọ̀hún, àpótí igi ni. Láàárín iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni awọ alábala wà, tó ń nà tó sì ń súnkì bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà ní Ìlú Ọba máa ń fi igi tíìkì ṣe èyí tí wọ́n ń tà fún ilẹ̀ olóoru, wọ́n á sì fi idẹ de oríkèé rẹ̀, nítorí ọ̀rinrin kì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù pẹ́ lára igi. Orí ẹsẹ̀ mẹ́ta onígi ni wọ́n ń gbé e lé. Aṣọ dúdú gbọ́dọ̀ wà, torí pé abẹ́ rẹ̀ ni ayàwòrán ń kórí sí kó tó lè rí ohun tó hàn lójú dígí ẹ̀yìn, torí-torí nísàlẹ̀, tẹsẹ̀-tẹsẹ̀ lókè.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Kí fíìmù tó gbòde, ojú dígí ni wọ́n ń fi oògùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sí. Ìwọ̀n kan tó wọ́pọ̀ jẹ́ ínǹṣì 6½ sí 8½. Bí dígí bẹ́ẹ̀ bá nípọn tó mìlímítà 2, ẹyọ kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 180. Méjìlá á ju kìlógíráàmù 2 lọ, a ò sì tíì ka àpò onígi tí wọ́n ń kì wọ́n bọ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba dígí méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí aláàárù bá fẹsẹ̀ kọ, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé méjìlá jáde mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀méjìlá lòun máa yà, àyàfi bó bá ríbi tó ṣókùnkùn biribiri pààrọ̀ wọn.

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹni tí kò ní ju ìgbà méjìlá lọ kì í ya ohun tó bá ṣáà ti pàdé. Ó ti mọ ilé tó ń lọ, ó ti mọ ẹni tí yóò jókòó. Wọ́n tún máa ń dín ojú lẹ́ńsì kù kí iwájú àti ẹ̀yìn lè hàn kedere, ìmọ́lẹ̀ á wá pẹ́ kó tó wọlé tó. Ẹni tí wọ́n ń yà gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú àwọn baba wa le nínú fọ́tò. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ wọn ń gbìyànjú láti má mì ni. Ọjà tó ń hó, ọmọdé tó ń sáré, kò lè hàn dáadáa lórí dígí bẹ́ẹ̀. Ọba, adájọ́, afárá àti ilé ńlá ló ń dúró de ayàwòrán, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó kù fún wa.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sílé. Ìddó ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ó gba Agége kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin lè gbé àpótí dígí dé Agége láìfọ́. Láti ibẹ̀ wá sí oko Ìkọ̀tún tàbí Ìgàndó, orí ènìyàn ló kù. Èrò mi ni pé ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí àwòrán abúlé wa àtijọ́ fi ṣọ̀wọ́n: ibi tí ọkọ̀ dúró sí ni ẹrù náà dúró sí. Kì í sì í ṣe pé agbègbè wa kò mọ iṣẹ́ náà. Ọmọ Ọ̀tà tó múlé tì wá yìí ni Herzekiah Shanu, tí wọ́n bí ní 1858, tó lọ sí Kóńgò ní 1884, tó sì di ayàwòrán ní Boma. Ní 1903, ó ran Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ́wọ́ láti tú àṣírí ìyà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ba òwò rẹ̀ jẹ́. Ó kú ní 1905.

Ẹrù mìíràn tún ń dúró de ayàwòrán lálẹ́, láti fi fọ àwòrán tó yà: ìgò oògùn, àwo, àtùpà pupa, omi. Jẹ́látíìnì ló gbé oògùn ojú dígí dúró, jẹ́látíìnì a sì máa rọ̀ nínú omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi Èkó kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Òru tàbí ìdájí ló sàn láti fọ dígí náà, kí wọ́n sì fi álọ́ọ̀mù mú jẹ́látíìnì rẹ̀ le. Ta ló ń pọn omi náà? Ọmọ iṣẹ́. Ta ló ru ẹsẹ̀ mẹ́ta? Ta ló ṣíji bo kámẹ́rà nínú oòrùn? Orúkọ ọ̀gá nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ sára fọ́tò. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí láìsí àwọn ọmọ yẹn, dígí kankan ì bá má dé oko.

Solomon Alonge, tí wọ́n bí ní Bìní ní 1911, ọmọ iṣẹ́ lòun náà nígbà kan. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó padà sílé lọ máa ya ààfin Ọba Akenzua Kejì, tó sì dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní 1942. Ní 2014, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Washington. Dígí àti fíìmù tí wọn ò dànù ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí baba yín ṣe fọ́tò. Dígí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìdímù tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi aṣọ nu ojú tí kò dán. Ẹ fi bébà tó mọ́ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n lóòró síbi gbígbẹ tí oòrùn kò dé. Bí ẹnì kan bá wà láàyè tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba náà, ẹ tètè lọ bá a, kí ẹ béèrè ohun tó máa ń rù, ibi tó rù ú dé, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ rù ú.