Omi Dànù, Agbè Kò Fọ́

Ẹ̀yin olùwòran, báwo ni eré àtijọ́ ṣe lè mọ́ kedere lójú ju ìgbà tí a kọ́kọ́ wò ó lọ?

Ní ọdún 1964, tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà gbé Jonny Quest jáde, eré àwòrán yíyà, apá 26, tí amí ìjọba ń ṣọ́ ọmọdékùnrin kan nínú rẹ̀. Ní 2019 ó tún jáde lórí àwo Blu-ray, ó sì ń dán. Kì í ṣe idán. Orí fíìmù ni wọ́n ya á sí, fíìmù sì ti gba ohun tí tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà kò lè fi hàn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé. Shaihu Umar, fíìmù Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, di àwátì. Ní 2016 wọ́n rí i ní Jos. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní 2018. Omi ni ó dànù, agbè kò fọ́.

Fọ́nrán VHS kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò gbà sílẹ̀, ẹ̀rọ kankan kò lè fà á yọ. Bí fọ́nrán ọdún ìbílẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó bá wà nínú àpótí kan ní Igbótakò, tí àwọn àgbà ń fi ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, fọ́nrán náà gan-an ni agbè. Bí ọ̀rinrin bá bà á jẹ́, ohùn wọn lọ nìyẹn.

Kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wá irú wọn rí, kí wọ́n ṣe ẹ̀dà wọn, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti orúkọ sí wọn, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè.