Dowa, Ilẹ̀ Wa àti Ará Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àjọ̀dún jùbílì ìjọ wa)

 

Iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ lónìí ni láti sọ̀rọ̀ lórí Dowa àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀. A kò lè ṣe é láì kọ́kọ́ mẹ́nu kan ìlú tí ó bí i. Àwa Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn Ègùn ń pè é ní Hogbonu, àwọn oníṣòwò Pọtogí ni ó sọ ọ́ ní Porto-Novo. Ìdílé Te-Agbanlin, tí ó ti Allada wá, ni ó jọba níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, epo pupa ni ó sọ ìlú náà di olókìkí. Ṣùgbọ́n inú ààfin kọ́ ni epo ti ń wá. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni, láti inú oko ọ̀pẹ tí ó wà lórí ilẹ̀ pupa ẹ̀yìn ìlú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ wa ti inú ìlú wá sí oko. Ní 1861 ni àwọn fadá SMA gúnlẹ̀ sí Ouidah. Ní 1864 wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ ní Porto-Novo, níbi tí wọ́n ti bá àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì padà bọ̀. Ní 1954, Porto-Novo di dáyósíìsì.

Lónìí, Dowa wà nínú ìpín karùn-ún ìlú Porto-Novo, pẹ̀lú Ouando ọlọ́jà ńlá. Ìkànìyàn 2002 rí 223,552 ènìyàn ní Porto-Novo. Ti 2013 rí 264,320. Níbo ni irú èrò báyìí yóò sùn, bí kò ṣe ní ẹ̀yìn ìlú? Ìdí nìyí tí ilé fi ń hù níbi tí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti ń hù.

Ẹ̀yin ará, níbí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Láyé àwọn bàbá wa, pèrègún ni ẹ̀rí ààlà, àgbàlagbà tí ó mọ ẹni tí ó gbìn ín sì ni ìwé. Nísinsìnyí, àwọn awọnlẹ̀ dé, ìdílé ń yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀nà, wọ́n ń hú pèrègún, àwọn àgbàlagbà sì ń lọ. Ọmọ ìyá méjì a ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì. Ẹni tí ó fi owó ogún ọdún rà á a sì di aláìnílé. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba Benin ṣe ní 2013 gbé ẹ̀rí ìwé ga, ṣùgbọ́n òfin kò lè rántí ohun tí àwa kò sọ.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ̀yin àgbà, ẹ fi ààlà han àwọn ọmọ, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì wà. Ẹ̀yin onílẹ̀, ẹ má ta gbogbo rẹ̀ tán. Ní Ouando nítòsí wa, Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ ẹgbẹ́ Dominic Mímọ́, dá ilé-iṣẹ́ Songhai sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀ ni a ti ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ọ̀gbìn, ẹja àti adìẹ sísìn, tí ìgbẹ́ ẹran sì ń di gáàsì ìdáná. Ilẹ̀ kékeré lè bọ́ ènìyàn bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ má ṣe bí àlejò; ẹ béèrè orúkọ àwọn tí ó ro oko níbi tí ẹ kọ́lé sí.

Nínú ìjọ yìí, elédè Ègùn àti elédè Yorùbá, onílẹ̀ àti ẹni tí ó ra ilẹ̀, pẹpẹ kan náà ni a jọ ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa bá ara wa gbé nílé gẹ́gẹ́ bí a ti ń kúnlẹ̀ pọ̀ níhìn-ín.

Kí Ọlọ́run bùkún Dowa, kí ó sì fi ìsinmi fún àwọn tí ó ti ṣíwájú wa. Àmín.