Ẹ̀rọ Tí Ó Dúró Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá sí ilé ìkàwé yìí jẹ mọ́ ọwọ́ wa, èyí tí Ọlọ́run fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní méjì péré.

Ìlú kòkó ni Ìdànrè, ṣùgbọ́n igbó ńlá tún yí wa ká, ilé ẹ̀rọ ìlagi kò sì ṣàjèjì sí wa. Ìwà kan wà níbẹ̀ tí mo ti rí lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn a máa la igi lọ́wọ́, iná mànàmáná a lọ, ayùn a sì dúró. Dípò kí wọ́n pa swíìṣì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan a ti ọwọ́ bọ abẹ́ ayùn, a máa kó ìyẹ̀fun pákó jáde, a ní iná kò sí. Ta ni ó bá àwọn oníná ṣe àdéhùn ìgbà tí wọn yóò dá a padà? Bí iná bá dé, ayùn kò ní bi í léèrè bóyá ó ti yọwọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ní apá irin tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí à ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Ní oṣù Keje ọdún 1981, ní ilé iṣẹ́ Kawasaki tí ó wà ní Akashi, ọkùnrin ẹni ọdún 37 kan lọ tún ọ̀kan ṣe. Ọgbà yí ẹ̀rọ náà ká. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, iná yóò kú fúnra rẹ̀. Ọkùnrin náà fo ọgbà. Ẹ̀rọ kò kú tán. Apá irin tì í mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, ó sì gbẹ̀mí rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ lónìí lè bá irú ẹ̀rọ yìí pàdé ní òkè òkun. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ó lè jẹ́ pé àmì ni ó ń retí. Bí a tilẹ̀ pa iná, apá tí ó gbé sókè lè já lulẹ̀. Nítorí náà ni a fi ní kí ẹni tí yóò tún un ṣe pa iná ní orísun rẹ̀, kí ó fi àgádágodo tirẹ̀ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà nínú àpò òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ó fi nǹkan gbé apá náà ró, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀ wò bóyá ẹ̀rọ yóò dáhùn. Àgádágodo náà kò ju èyí tí a fi ń ti ìsọ̀ lọ. Àwọn alági wa lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Òfin Ilé Iṣẹ́ ti ọdún 1987 pàṣẹ pé kí a fi ààbò bo ibi tí ó léwu lára ẹ̀rọ. Òfin ti ọdún 2010 lórí ẹ̀san òṣìṣẹ́ sì ní kí ẹni tí ó farapa sọ fún agbanisíṣẹ́ láàrin ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ sì fi tó àjọ ìjọba tí à ń pè ní NSITF létí láàrin ọjọ́ 7. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó oògùn díẹ̀ pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ sì mú ẹlẹ́rìí dání. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó wá síhìn-ín kí a bá a kọ ọ́.