Awò Ojú àti Ọwọ́ Tó Di Ibò



Awò ẹ̀rọ tí à ń dè mọ́ ojú ti dé. Ẹni tó dè é lè jókòó síhìn-ín, kí ó máa rìn nínú ojúbọ Ilé-Ifẹ̀. Bí òkúta bá ń bọ̀ nínú àwòrán, yóò yẹra. Ojú ti gbà á gbọ́. Ọwọ́ ńkọ́? Ẹni tó wá dá Ifá a máa sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó. Bí odù bá hù tán, a di ibò mọ́ ọwọ́. Ní 2008, UNESCO kọ Ifá mọ́ àwọn ogún tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ẹni tó ti di ibò mú rí yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ẹ fi awò náà han àwọn ọmọ wa ní Bràsíl bí ọpọ́n ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọ̀ràn láti bi Ọ̀rúnmìlà, kí ó bọ́ ọ sílẹ̀, kí ó wá jókòó lórí ẹní.