Owó Gíìmù Tàbí Owó Ẹ̀rọ Ilé: Èwo Ni Àpò Òṣìṣẹ́ Lè Gbà?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ẹdẹ

 

Ìbéèrè méjì ni ó wà níwájú ẹ̀ka wa lónìí. Àwọn kan nínú yín ní kí ẹgbẹ́ bá onígíìmù sọ̀rọ̀, kí wọ́n máa yọ owó gíìmù lára owó oṣù wa. Àwọn mìíràn ní àwọn kò fẹ́ gíìmù. Wọ́n fẹ́ kí àjẹsẹ́kù yá àwọn lówó láti fi ra ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀ sínú ilé. Kò sí èyí tí a lè fi ṣe ẹlẹ́yà nínú méjèèjì. Gbogbo wa la mọ ẹlẹgbẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà, gbogbo wa la sì ti dáwó rí fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú. Ara ni ọjà tí òṣìṣẹ́ ń tà. Bí ara bá kọ̀, ìsọ̀ ti pa nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó tí a fẹ́ ná yìí, owó òógùn ni. Ẹ jẹ́ kí á gbé méjèèjì sórí ìwọ̀n kí á tó sọ pé a gbà tàbí a kò gbà.

ÌJÓKÒÓ KÌ Í ṢE ÌSINMI

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gba ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ wò. Dókítà kan wà ní ìlú London tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jerry Morris. Ní 1953, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìlú náà. Wọ́n fi àwọn dírẹ́bà bọ́ọ̀sì alájà méjì wé àwọn kọndọ́kítọ̀ tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà. Ọ̀gá kan náà ni wọ́n ń sìn, ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kọndọ́kítọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ó lè gba owó ọkọ̀. Àrùn ọkàn mú àwọn dírẹ́bà ju àwọn kọndọ́kítọ̀ lọ. Bí ó bá sì mú kọndọ́kítọ̀, kì í tètè pa á bí ó ti ń pa dírẹ́bà.

Àwọn kan lè sọ pé bóyá àwọn tó sanra ni wọ́n ń yàn ṣe dírẹ́bà. Morris náà kò fi ojú fo ìyẹn. Ní 1956, ó padà lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń rán fún wọn, ó sì rí i lóòótọ́ pé ìbàdí ṣòkòtò àwọn dírẹ́bà fẹ̀ ju ti àwọn kọndọ́kítọ̀ lọ. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní ju ẹsẹ̀ kan lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo àwọn tó ń rìn kiri pín lẹ́tà, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn akọ̀wé tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, ọ̀nà kan náà ni ó tọ́ka sí. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé ẹni tó jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò sinmi. Ńṣe ni ó ń jẹ gbèsè tí ara yóò bèèrè lọ́la.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ru ẹrù ní fáktírì lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, pé iṣẹ́ yín ti tó eré ìdárayá. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Eré ìdárayá ní ìwọ̀n, ó ní ìsinmi, gbogbo ara ni ó sì ń kàn. Ẹrù rírù ní tirẹ̀, ẹ̀yìn kan náà àti èjìká kan náà ni ó ń dá lóró lójoojúmọ́, àkókò ìsinmi sì kéré. A óò padà sórí èyí.

Báwo ni eré ìdárayá ṣe yẹ kó pọ̀ tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, irú lílo ara tí èémí á yá díẹ̀, bíi kí á rìn kánmọ́kánmọ́. Wọ́n ní kí á sì máa ṣe èyí tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 150 kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ ní ọjọ́ márùn-ún. Kò sì pọn dandan kí á ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní gáréèjì nígbà tí ọkọ̀ kò tíì kún wà nínú ìṣirò. Wọn kò sọ pé gíìmù ni kí á ti ṣe é, wọn kò sì dárúkọ ẹ̀rọ kankan.

ÌṢIRÒ GÍÌMÙ

Ká ní gíìmù kan ń gba ₦10,000 lóṣù, tí ó sì ń gba ₦1,000 lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá lọ́jọ́ kan péré. Iye àfiṣàpẹẹrẹ ni o. Iye tí wọ́n bá pè fún yín ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ní ìgbà 12 lóṣù, nǹkan bíi ₦833 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ná an. Ó jèrè. Ẹni tó bá lọ ní ìgbà mẹ́rin, ₦2,500 ni ìgbà kan. Ẹni yẹn ti pàdánù, nítorí ₦4,000 péré ni ì bá san ká ní ó ń san án lójoojúmọ́ tó bá lọ.

Ẹ má gbàgbé owó ọ̀kadà. Bí àlọ àti àbọ̀ bá jẹ́ ₦600, ìgbà 12 ti di ₦7,200. Pa á pọ̀ mọ́ owó oṣù gíìmù, ó di ₦17,200. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí ó bá jẹ́ pé iye yẹn ni ẹnì kan ń gbà, ó ti fẹ́ kó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ fún onígíìmù àti ọlọ́kadà, oúnjẹ kò tíì délẹ̀, owó ilé ìwé kò tíì jáde.

Ní Amẹ́ríkà, tí owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù wá lọ, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, wo ìwé àwọn gíìmù mẹ́ta wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn tó ń san ju 70 dọ́là lọ lóṣù kì í lọ ju bí ìgbà mẹ́rin lọ lóṣù. Ìgbà kan wá ń ná wọn ju 17 dọ́là lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà mẹ́wàá tí ìgbà kan kò ní ju 10 dọ́là lọ. Kí ló fà á? Ní ọjọ́ tí a ń fọwọ́ sí ìwé, gbogbo wa la máa ń rò pé a óò lọ lójoojúmọ́. Ìfẹ́ ọkàn là ń san owó fún, kì í ṣe ẹsẹ̀ tó ń rìn débẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ro ọ̀rọ̀ kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù yìí dáadáa. Owó tí a bá ń yọ láti orísun kì í bèèrè bóyá o lọ tàbí o kò lọ. Ẹni tó wà ní ṣíífìtì òru yóò san án, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ sí ọ̀nà Ìbàdàn yóò san án.

Síbẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ sí gíìmù. Ẹni tí dókítà ní kó ṣe eré ìdárayá lẹ́yìn àìsàn nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tí yóò máa wò ó. Ẹni tó wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin kò ní ibi tí yóò ti na apá. Àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wa sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún wa tí ó wọ̀ wá létí: bí àwọn bá wà nílé, ìkòkò àti ọmọ kò ní jẹ́ kí àwọn lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ara àwọn. Fún irú wọn, ẹnu ọ̀nà gíìmù gan-an ni ohun tí wọ́n ń san owó fún. Òótọ́ ni.

ÌṢIRÒ Ẹ̀RỌ ILÉ

Ká ní ẹ̀rọ ìsáré jẹ́ ₦400,000. Bí a bá fi ₦17,200 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan pín in, ẹni náà gbọ́dọ̀ lò ó déédéé fún bí ọdún méjì kí owó rẹ̀ tó tó ti gíìmù àti ọ̀kadà. A kò tíì ka èlé àjẹsẹ́kù, a kò sì tíì ka owó àtúnṣe.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé owó iná ni yóò pani. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá ń jẹ 1,500 wáàtì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó yúnìtì kan. Ìgbà 12 lóṣù jẹ́ yúnìtì mẹ́sàn-án. Ní April 2024, wọ́n gbé owó yúnìtì àwọn tó wà ní Band A sí ₦225. Ó sì ti sún síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà. Ní iye ₦225 yẹn, yúnìtì mẹ́sàn-án jẹ́ ₦2,025. Kò pọ̀ jù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná kì í dé ní àkókò tí a bá ráyè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní “I better pass my neighbour” kò sì lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tan jẹnẹrétọ̀ sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí eré ìdárayá. Èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé láìsí ariwo.

Lẹ́yìn èyí, ààyè ńkọ́? Ẹ̀rọ náà gùn tó bẹ́ẹ̀dì kékeré. Eruku ọgbẹlẹ̀ ń wọ inú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé lè há sí abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń yí. Bí ó bá sì bàjẹ́, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni yóò dà.

Àwa òṣìṣẹ́ tún ní láti mọ ìtàn rẹ̀. Ní 1818, William Cubitt, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àgbá ńlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gùn bí ẹni gun àtẹ̀gùn tí kò lópin. Ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wọ́n, títí òfin fi fòpin sí i ní 1898. Lónìí owó ńlá ni a fẹ́ yá láti ra ọmọ ìyá rẹ̀ sílé, nígbà tí ọ̀nà Òṣogbo wà níta lọ́fẹ̀ẹ́!

OHUN TÓ WÀ NÍTÒSÍ

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Lítà omi kan wọn kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì 25 lítà tó kún jẹ́ kílò 25. Bí ó bá wúwo jù, bu omi kúrò níbẹ̀. Àpò piọ́ wọ́tà ọlọ́ràá 20, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 cl, jẹ́ kílò mẹ́wàá. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń rọ sìmẹ́ǹtì sínú agolo ọ̀dà méjì, wọ́n á fi páìpù gba àárín rẹ̀, irin gbígbé ti délẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, ọ̀pá àti àgbá irin tí a ti yọ lára ọkọ̀ wà nílẹ̀. Okùn fífò kò wọ́n. Púsọ́ọ̀pù, jíjókòó-dìde lórí bẹ́ǹṣì, àti ìrìn kánmọ́kánmọ́ kò gba kọ́bọ̀. Ọlọ́fà iná ni oríkì Tìmì tó tẹ ìlú wa dó, ta ni kò sì mọ̀ pé ọrun kì í tẹ̀ fún apá tí kò lágbára? Kò sí gíìmù nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀sọ̀ ṣe é. Ẹni tó ti pé ogójì ọdún, tàbí tí àyà ń dùn, kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

KÍ ỌGÁ MÁ FI ERÉ ÌDÁRAYÁ TÀN WÁ

Ní 1967, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé dámọ̀ràn pé níbi tí ẹrù tí ọkùnrin kan ń dá rù bá ju kílò 55 lọ, kí wọ́n tètè dín in kù sí iye yẹn. Àpò kòkó ju 60 kílò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń já a láti orí ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Kò sí púsọ́ọ̀pù tó lè tún ẹ̀yìn tí irú àpò bẹ́ẹ̀ ti fọ́ ṣe. Kẹ̀kẹ́ ẹrù, ènìyàn méjì sídìí àpò kan, àti àkókò ìsinmi fún awakọ̀ lẹ́yìn wákàtí gígùn, ẹ̀tọ́ wa ni. A kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wa ní káàdì gíìmù dípò wọn.

ÀBÁ WA

Èkínní, kí àjẹsẹ́kù má yá ẹnikẹ́ni lówó ẹ̀rọ ìsáré ní ọdún yìí. Ẹni tó bá ti fi okùn àti kẹ́ẹ̀gì ṣe é fún oṣù mẹ́ta láìdáwọ́ dúró, kó padà wá, a óò gbọ́ tirẹ̀.

Èkejì, kí a má yọ owó gíìmù lára owó oṣù. Kí ẹ̀ka bá onígíìmù dúnàádúrà owó ojoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ máa san án lójoojúmọ́ fún oṣù kan, kó sì máa ka ìgbà tó lọ. Bí ó bá tó iye tí owó oṣù yóò fi dín fún un, kó wá san ti oṣù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, okùn fífò mélòó kan àti sìmẹ́ǹtì àpò kan fún irin gbígbé, kí ó wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Kí a sì ya àkókò kan sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin nìkan.

Ẹ̀kẹrin, kí ọ̀rọ̀ ìwúwo àpò àti àkókò ìsinmi wà lókè ìwé tí a óò gbé lọ bá àwọn agbanisíṣẹ́.

Ẹni tó bá ní àtakò, kó dìde sọ ọ́. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó nawọ́ sókè nígbà tí alága bá bèèrè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.