Ọ̀gá àti Òṣìṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Kòtò Mẹ̀dínà



A ti rí ibi iṣẹ́ tí ọ̀gá ti ń fi ẹran ṣínu nínú yàrá rẹ̀, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì ń fi omi lásán ṣínu lẹ́nu ọ̀nà. Báwo ni irú wọn yóò ṣe fẹ́ràn ara wọn?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọdún 627, tí í ṣe ọdún karùn-ún Hijira. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ wá ká Mẹ̀dínà mọ́. Salman ará Páṣíà ló mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò jókòó kó máa pàṣẹ. Òun náà gbẹ́lẹ̀, ó ru yẹ̀pẹ̀, ebi sì ń pa á bó ti ń pa wọ́n. Jabir rí i, àánú ṣe é. Ó pa ọmọ ewúrẹ́ kan, ìyàwó rẹ̀ lọ ọkà báálì díẹ̀. Ó wá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ fún Ànábì pé kó mú èèyàn díẹ̀ dání. Kí ni Ànábì ṣe? Gbogbo àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ló ké sí! Ọlọ́hun fi alubarika sí i, wọ́n jẹ, wọ́n yó, oúnjẹ ṣẹ́ kù.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwọ ọ̀gá, bá àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ ṣínu nínú Rámádáánì yìí, má sì jẹ́ kí owó wọn pẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìwọ òṣìṣẹ́, má ṣe sọ̀rọ̀ ẹnì kejì rẹ láìdáa lẹ́yìn rẹ̀ létí ọ̀gá. Ààwẹ̀ ara rẹ lò ń dá ihò lu.

Kí Ọlọ́hun so wá pọ̀. Àmín.